Ó ń hàn, ó ń dún, àmọ́ kò ká ohùn sílẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìsánlú ni mò ń gbé. Àbúrò mi tó kó lọ sí Àbújá fi kọ̀ǹpútà àgbélétábìlì kan sílẹ̀ fún mi. Windows 7 ló wà lórí rẹ̀, káàdì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ sì wà nínú rẹ̀, tí a ki wáyà áńtẹ́nà sí lẹ́yìn. Mo fẹ́ máa ká ìsìn òwúrọ̀ Sunday sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun, torí ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń kọrin níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ń wò ó, àwòrán ń hàn, ohùn ń dún. Bí mo bá ká a sílẹ̀ sínú hard disk alágbèéká mi, àwòrán nìkan ni mò ń bá níbẹ̀. Ọmọkùnrin aládùúgbò kan bá mi tún un ṣe, ohùn dé, àmọ́ bó ṣe ń pẹ́ ni ẹnu àwọn akọrin kò bá ohùn wọn mu mọ́; nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, ohùn tún ti lọ. Bó bá ti lé díẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀, yóò dúró fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, fáìlì náà kì í ṣí mọ́. Oníṣẹ́ kan ní Kàbà ní káàdì náà ti bàjẹ́, kí n lọ ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìdáhùn:

Ọ̀kun o, Màmá. Ẹ fi owó yín sápò ná, káàdì yín kò bàjẹ́. Káàdì tó bá ń mú ìkànnì, tó ń fi àwòrán hàn, tí ohùn ń ti inú rẹ̀ jáde, ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: bí ẹ ṣe to ẹjọ́ yín yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ tó ní irú káàdì yẹn ṣe máa ń tò ó. Àìsàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọ́n kàn pàdé lára ẹ̀rọ kan ni, ẹni tó bá sì fi oògùn kan ṣoṣo wò wọ́n á sọ pé aláìsàn ti kú.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé wíwò yàtọ̀ sí kíká sílẹ̀. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà yín lè má gba ọ̀dọ̀ Windows kọjá rárá. Nínú ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́, àwòrán nìkan ló ń gba inú káàdì wọ kọ̀ǹpútà. Ohùn ń jáde láti ihò kékeré kan lẹ́yìn káàdì, á gba inú wáyà dúdú kúkúrú kan, á wá wọ ihò káàdì ohùn. Láti ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sí spíkà tààrà. Ẹ̀yin ń gbọ́ ọ, àmọ́ ètò tó ń ká nǹkan sílẹ̀ ń tẹ́tí sí ibòmíràn, gbohùngbohùn tí kò sí níbẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà báyìí, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ ó rí ihò mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn: èyí tó ní àwọ̀ ewé jẹ́ ti spíkà, èyí tó jẹ́ pínńkì jẹ́ ti gbohùngbohùn, èyí tó jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè ní Line In. Inú búlúù yẹn ló yẹ kí wáyà dúdú láti ara káàdì wà. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, kí ẹ wá rọra yọ wáyà náà. Bí ohùn bá dákẹ́, a ti mọ ibi tó ń gbà nìyẹn. Ẹ dá a padà sínú búlúù. Bí ẹ bá bá a nínú pínńkì, ó lè jẹ́ ọwọ́ aládùúgbò yín ló gbé e síbẹ̀ kí ohùn lè wọlé lọ́nàkọnà. Òótọ́ ni pé ohùn á wọlé níbẹ̀, àmọ́ ihò gbohùngbohùn máa ń fún ohùn lágbára jù, á há, á máa fọ́ bí àwọn sópránò bá gbé e sókè, orin yín ò sì ní dùn ún gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà, níbi àwòrán spíkà kékeré. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan "Recording devices". Bí ẹ kò bá rí Line In nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ibi tó ṣófo nínú fèrèsé náà, kí ẹ máàkì "Show Disabled Devices", torí Windows 7 máa ń fi Line In pamọ́ nígbà tó bá wà ní pípa. Bó bá ti yọjú, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan "Enable", lẹ́yìn náà "Set as Default Device". Ẹ wọ inú "Properties", ẹ lọ sí "Levels", kí ẹ gbé e sí bíi 60. Ẹ má gbé e dé 100.

Ìdí tí iṣẹ́ ọmọkùnrin yẹn fi dára lọ́sẹ̀ kan tó sì bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, mo fura pé ẹnì kan ti ki nǹkan mìíràn mọ́ kọ̀ǹpútà náà láàárín: ìgbọ́hùn alágbékọ́rí (headset) oní-USB tàbí kámẹ́rà tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ lókè òkun. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wọlé, Windows lè sọ ọ́ di ojúlówó etí rẹ̀ láìbi yín. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ká ohunkóhun sílẹ̀, ẹ yẹ ibẹ̀ wò. Nínú ètò tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, níbi ètò kíká sílẹ̀, àyè kan wà tí wọ́n ti ń yan ibi tí ohùn yóò ti wá. Ẹ yan Line In níbẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ káàdì tẹlifíṣọ̀n yín nínú àwọn tí wọ́n tò síbẹ̀ fún ohùn, ìyẹn tún dára jù, ẹ kọ́kọ́ dán ìyẹn wò.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ràn nítorí pé ó ń pín ẹjọ́ sí méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n máa sọ̀rọ̀, kí ẹ ṣí Sound Recorder tó wà nínú Windows, kí ẹ tẹ "Start Recording". Ọ̀pá aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tó máa ń jó tẹ̀lé ohùn. Bó bá ń jó, Windows ń gbọ́, inú ètò tẹlifíṣọ̀n ni àṣìṣe kù sí. Bó bá dúró gbọnrangandan, a ò tíì kúrò lọ́dọ̀ wáyà àti Line In, kò sì sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ nínú ètò tẹlifíṣọ̀n tó lè tún un ṣe.

Ẹlòmíràn tó ń ka èyí lè máà gbọ́ ohùn kankan rárá, kódà nígbà tó ń wò ó, àfi ariwo ṣẹ́ẹ́ẹ́. Tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Màmá. PAL ni ìlànà tí wọ́n fi ń gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wa jáde, àmọ́ PAL oríṣiríṣi ló wà: nínú oríṣi B/G, ohùn jìnnà sí àwòrán ní 5.5 MHz, nínú oríṣi I, 6.0 MHz ni. Bí káàdì bá ń wá ohùn níbi tí kò sí, àwòrán á mọ́ kedere, ohùn á sì di ariwo. Kó yí i padà nínú ètò náà, kó gbọ́ èyí tó bá sọ̀rọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ wákàtí kan ààbọ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí mo kà á, torí àìsàn tó bá ń mọ àkókò báyìí ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Hard disk alágbèéká yín, FAT32 ni wọ́n fi tò ó, ọ̀nà ìtòfáìlì àtijọ́ tí kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4 GB lọ, bó ti wù kí àyè tó ṣẹ́ kù pọ̀ tó. Ètò tó ń ká nǹkan sílẹ̀ ní MPEG-2 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kó lè kéré) lórí ìwọ̀n 6 Mbps, ìyẹn mílíọ̀nù bíìtì mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa jẹ bíi 2.7 GB ní wákàtí kan. Ẹ bá mi fi ìṣirò olùkọ́ ṣe é: 4 GB náà á kún nígbà tó bá lé díẹ̀ ní 90 ìṣẹ́jú, ìyẹn gẹ́lẹ́ ni ibi tí ìwàásù ti ń já mọ́ yín lẹ́nu. Ká ní ìgbà kan ìṣẹ́jú 20, ìgbà mìíràn wákàtí méjì, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè rí i dájú, ẹ ṣí "Computer", ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ hard disk náà, "Properties", kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú "File system". Bó bá jẹ́ FAT32, ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó rọrùn ni kẹ́ ẹ máa ká a sínú hard disk tó wà nínú kọ̀ǹpútà gan-an, torí ìyẹn máa ń jẹ́ NTFS, ọ̀nà ìtòfáìlì tí kò ní òpin 4 GB yẹn, níbi tí Windows 7 bá wà, kí ẹ sì sọ fún ètò náà pé kó máa gé fáìlì bó bá ti tó 3 GB. Ìyẹn ni èmi á yàn fún yín. Èkejì ni kẹ́ ẹ sọ ti alágbèéká náà di NTFS. Bó bá jẹ́ D ni lẹ́tà rẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ convert D: /fs:ntfs. Kì í nu ohun tó wà níbẹ̀, àmọ́ bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ lè dàrú. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ síbòmíràn. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ ò bá dá iná lójú.

Bí ètò kan bá ní òun á ká a sílẹ̀ láì fún un pọ̀ rárá, ẹ sá fún un. Àwòrán PAL tó jẹ́ 720 nípa 576, tó ń yí ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, máa jẹ nǹkan bí 75 GB ní wákàtí kan. Ìsìn kan ṣoṣo lè kún kọ̀ǹpútà yín.

Ti ẹnu tí kò bá ohùn mu ló ṣòro jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ohun méjì ló lè fà á. Kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń burú sí i bó ṣe ń pẹ́. Bó bá jẹ́ iye kan náà ni ohùn fi ṣáájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò le: nínú VLC, ètò tí wọ́n fi ń wo fídíò, ẹ tẹ J tàbí K lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ ó máa rí ohùn tó ń sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ ti ní bó ṣe ń pẹ́ ni. Káàdì tẹlifíṣọ̀n ní aago tirẹ̀ nínú, káàdì ohùn ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn mu pátápátá. Ìyàtọ̀ kékeré tí ẹ kò lè rí ní ìṣẹ́jú márùn-ún á di ohun tó ń bí èèyàn nínú lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ wá "audio sync" nínú ètò náà, kí ẹ jẹ́ kó máa fi ohùn ṣe òṣùwọ̀n fún àwòrán.

Ohun kejì ni pé kọ̀ǹpútà náà ń jù àwòrán nù. Irú káàdì tí ẹ ní kì í fún àwòrán pọ̀ fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, ẹ̀rọ tó bá sì ti dàgbà ò lè máa sáré bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń kọ iye àwòrán tó jù nù síbì kan lójú fèrèsé rẹ̀, "dropped frames" ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Bí òǹkà yẹn bá ń gòkè bí ẹ ṣe ń wò ó, ẹ ti rí ọ̀daràn náà. Ẹ ti Chrome pa, ẹ má jẹ́ kí antivirus máa yẹ ẹ̀rọ wò ní àárọ̀ Sunday, kí ẹ sì dín àwòrán kù sí 352 nípa 288. Fún akọrin tó dúró lójú kan, tí àwọn ọmọ á wò lórí fóònù, èyí tó. Hard disk tí wáyà USB gbé dání náà wà lára ohun tó ń fa ìfàsẹ́yìn, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní inú kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ máa ká a sí.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ áńtẹ́nà, torí púpọ̀ nínú ẹ̀sùn tí a ń fi kan kọ̀ǹpútà, òkè orùlé ni orísun rẹ̀. Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Mọ̀pà títí dé Kàbà, àpáta àti òkè ló yí wa ká, ìgbì tẹlifíṣọ̀n ò sì lágbára láti gun òkè. Bí ẹ bá rí yìnyín tó ń jó lójú àwòrán, ojú yín lè fara dà á, kọ̀ǹpútà ò lè fara dà á: lójú tirẹ̀, gbogbo ẹ̀ka yìnyín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tuntun tó gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, á jẹ àyè, á mú ẹ̀rọ láàárẹ̀, àwòrán á sì tún rí játijàti. Bí ìkànnì bá sì ń já lójijì, àwòrán á já nínú fáìlì náà. Bí ẹ bá rí òjìji tó dúró sápá ọ̀tún èèyàn kọ̀ọ̀kan, bíi kí àwọn akọrin di ìlọ́po méjì, ìgbì tó kọ lu òkè kan tó sì padà wá ló ń fà á. Ẹ yí áńtẹ́nà díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan máa pariwo láti inú ilé. Kó má yí i torí kí àwòrán túbọ̀ mọ́lẹ̀ nìkan, òjìji ni kó máa wò.

Wáyà róbótó tí wọ́n ń pè ní RG6 ni kó so áńtẹ́nà mọ́ káàdì. Bí ẹ bá fẹ́ fi búsítà sí i, òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńtẹ́nà ni ó gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí wọ́n bá gbé sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà á kàn máa fún ariwo lágbára ni. Ohun tó ń pín wáyà sí méjì fún tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ náà ń gba ju ìdajì agbára lọ lọ́wọ́ yín. Jẹnẹrétọ̀ oní-pẹtiróòlù ńkọ́? Ṣẹ́ẹ̀ ń rí àwọn àmì funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń kọjá lójú àwòrán bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́? Plọ́ọ̀gì rẹ̀ tó ń tan iná ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí áńtẹ́nà, sí ẹ̀yìn ilé bó bá ṣeé ṣe.

Wọ́n mú iná lọ, fáìlì ò ṣí mọ́: orí irú fáìlì tí ẹ yàn ni. Bí ètò yín bá ń ká a sílẹ̀ ní MP4, ó dà bí ìwé tí wọ́n máa ń kọ tán pátápátá kí wọ́n tó to ojú ìwé rẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ṣubú láàárín, gbogbo ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a ti ń ka ìkankan. AVI náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ VLC lè tún tirẹ̀ tò fún yín bó bá bi yín léèrè. Ẹ yan èyí tó ń parí pẹ̀lú .mpg tàbí .ts. Ìyẹn ò nílò àtòjọ ìkẹyìn. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú 40 yẹn á wà, á sì ṣí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ká a tán ni kẹ́ ẹ wá fi ètò kan tó ń jẹ́ HandBrake sọ ọ́ di MP4 kékeré láti fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ.

Ẹ ra UPS kékeré, àpótí oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ, bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì pa ojú kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ń ká nǹkan sílẹ̀, kí bátìrì rẹ̀ lè pẹ́. Bí ẹ bá ń ṣètò àkókò (timer) tí kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká nǹkan sílẹ̀, ẹ wo aago kọ̀ǹpútà yín lẹ́yìn tí iná bá ti lọ tó dé: bí ọjọ́ àti ọdún bá ti padà sí àtijọ́, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lórí pátákó ìyá rẹ̀ (motherboard) ti kú. Owó kékeré ni, àwọn tó ń tún aago ṣe ní ọjà máa ń ní i. Kí ẹ sì rí i pé wọn ò ṣètò kọ̀ǹpútà náà láti máa sùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, torí mo ti rí ẹ̀rọ tó sùn lọ nígbà tí wọ́n gbára lé e láti ká nǹkan sílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá tún ní kẹ́ ẹ ra káàdì mìíràn, ẹ bi í bóyá ó ń gba DVB-T2. Òun ni tẹlifíṣọ̀n dígítà orí ilẹ̀ tí Nàìjíríà yàn, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní 2016, tó sì dé Ìlọrin ní 2017. Káàdì DVB-T lásán tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun jọ ọ́ lójú páálí, kò sì ní rí ìkànnì kankan. Àmọ́ èrò tèmi ni pé bẹ́ẹ bá máa náwó, dẹkódà T2 tó ní ihò USB tó sì ń ká nǹkan sórí flash fúnra rẹ̀ rọrùn ju káàdì lọ fún irú iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ máa lo káàdì tí ẹ ní lọ, wáyà ofeefee láti ara dẹkódà á wọ ihò ofeefee káàdì náà bó bá ní in, pupa àti funfun á gba wáyà kan tó so méjèèjì pọ̀ sí orí kékeré kan ṣoṣo wọ Line In; nínú ètò náà, "Composite" ni ẹ ó yàn dípò áńtẹ́nà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti ohùn lálẹ́ òní, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kí ẹ ká ìṣẹ́jú márùn-ún ìròyìn sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ, kó tó di Sunday. Bí ọ̀pá aláwọ̀ ewé inú Sound Recorder kò bá jó síbẹ̀, ẹ kọ̀wé padà, kí ẹ sọ fún mi orúkọ tí wọ́n kọ sára káàdì náà àti àwọ̀ ihò tí wáyà dúdú náà wà nínú rẹ̀.